Eyín Pàkúté

"Kí ẹ tó ṣílẹ̀kùn, Màmá, ẹ jẹ́ kí n gbọ́ ohùn rẹ̀ ná."

Ẹni tó wà lẹ́yìn ìlẹ̀kùn fèsì. "Ohùn ta?"

"Ohùn ológbò yín. Ohun tí òfin wí nìyẹn."

"Ó dáa. N ó lọ sọ fún un pé ọlọ́pàá eyín dé, kó bọ́ síta wá kí yín."

Mi ò rẹ́rìn-ín. Nídìí iṣẹ́ wa, ẹni tó bá ń ṣàwàdà kó tó ṣílẹ̀kùn, nǹkan kan ló ń wá àyè gbé pa mọ́. Mo fi etí ti ìlẹ̀kùn. Mi ò gbọ́ ohùn ológbò, ṣùgbọ́n mo gbọ́ ìró kan, kàrà, kàrà, bí ìgbà tí nǹkan kan ń fi eyín fọ́ egungun. Ara mi bù máṣọ. Ó di ọdún mẹ́sàn-án tí mo ti ń wọ ilé onílé lọ yẹ ẹnu ológbò wò, mi ò gbọ́ irú ìró yẹn rí. Ògì ni gbogbo ológbò ìlú yìí ń lá, ògì kì í sì í dún.

Ìfisùn tó gbé mi wá síbẹ̀ pàápàá kò tẹ́ mi lọ́rùn. Àárọ̀ ọjọ́ náà ló wọlé sórí Awẹnu, ẹ̀rọ kékeré bíi tọ́ọ̀ṣì tí gbogbo àwa olùyẹ̀wò máa ń fi kọ́rùn. Wọ́n ti yí ohùn ẹni tó sọ ọ́ pa dà, bí wọ́n ṣe máa ń ṣe, kí aládùúgbò má baà mọ aládùúgbò tó fi í sùn. Ohùn náà ní: "Ìyá àgbà tó wà ní Ilé Àgbékà Kẹta, àjà kọkànlá, kì í fún ológbò ẹ̀ lógì. Ìbíyẹmí ni kẹ́ ẹ rán síbẹ̀."

Èmi ni Ìbíyẹmí. Àwa olùyẹ̀wò tó wà nílùú Ẹ̀bádò lé ní ọgọ́ta. Kí ló dé tó fi jẹ́ èmi? Ta ló mọ̀ mí? Láti ibi tí ọkọ̀ ojú omi ti já mi sílẹ̀ títí mo fi gun àtẹ̀gùn dé òkè ni mo ń rò ó, mo sì ti fura sí ènìyàn mẹ́fà kí n tó kan ìlẹ̀kùn. Ọkọ àbúrò mi wà nínú mẹ́fẹ̀ẹ̀fà.

"Ẹ ṣílẹ̀kùn o, Màmá. Bí mo bá ka ení, èjì, ẹ̀ta tí ẹ ò ṣí i, ẹ̀rọ ọrùn mi yìí ló máa tì í pa láti ìta."

Ó ṣí i. Màmá Àbọ̀sẹ̀dé lorúkọ tó wà nínú ìwé ilé náà. Obìnrin kúkúrú ni, ó ti lé lọ́gọ́rin ọdún dáadáa, pákò sì wà lẹ́nu rẹ̀ bí ẹni pé ọjọ́ kò tíì mọ́. Mo kúnlẹ̀ kí i, nítorí pé kò sí òfin tó ní kí n má kúnlẹ̀. Kò tilẹ̀ wo ojú mi. Apẹ̀rẹ̀ ọwọ́ mi ló ń wò.

"Ṣé Ẹfun nìyẹn?"

"Ẹ mọ̀ ọ́n?"

"Ta ni ò mọ̀ ọ́n? Ògiri wo nílùú yìí ni wọn ò lẹ ẹnu ẹ̀ mọ́?"

Òótọ́ ló sọ. Ẹfun ni ológbò mi. Ọdún mẹ́ta léraléra ló ti gba ipò kìíní nínú ìdíje Eyín Tó Funfun Jù, àwòrán rẹ̀ sì wà káàkiri ìlú, pẹ̀lú ẹnu tó là sílẹ̀ gbàgà, tí wọ́n kọ FUNFUN NIYÌ EYÍN sábẹ́ rẹ̀ gàdàgbà gadagba. Mo máa ń gbé e dání lọ sílé tí wọ́n bá fi sùn, kí onílé lè rí bí ẹnu ológbò tó ń pa òfin mọ́ ṣe ń rí. Kí n má purọ́, mo máa ń yangàn. Bí mo bá ṣí apẹ̀rẹ̀ yẹn, tí àwọn ènìyàn bá ní "háà," orí mi a wú ju ti ológbò lọ.

Mo wọlé. Ohun tí ojú mi kọ́kọ́ rí ni páìpù ògì tó wà lára ògiri. Páìpù yẹn wà nínú gbogbo ilé, ẹ̀ẹ̀mẹta lójúmọ́ ló ń sun ògì ológbò sínú àwo. Màmá ti fi àkísà dí i lẹ́nu. Lábẹ́ rẹ̀, lórí ẹní, ni ológbò ńlá kan dùbúlẹ̀ sí, aláwọ̀ eérú, etí rẹ̀ kan ti ya. Ó fi ẹsẹ̀ méjèèjì tẹ ọrùn adìyẹ mọ́lẹ̀, ó sì ń fi eyín ẹ̀gbẹ́ rún un lọ ràì. Ó gbójú sókè wò mí bí àgbàlagbà tí àlejò bá nídìí oúnjẹ.

"Màmá, kí ni mò ń wò yìí?"

"Pàkúté lorúkọ ẹ̀."

"Ohun tó wà lẹ́nu ẹ̀ ni mò ń bèèrè."

"Ọrùn adìyẹ."

"Ní tútù?"

"Ní tútù. Egungun tí wọ́n bá sè máa ń fọ́ ṣóṣóró, á lọ gún un lọ́nà ọ̀fun. Èyí tó wà ní tútù máa ń rọ̀, á máa yí síbí yí sọ́hùn-ún lẹ́nu ẹ̀. Kó tó jẹ ẹ́ tán, ó ti ha eyín ẹ̀ mọ́." Ó yọ pákò lẹ́nu, ó nà án sí mi. "Èyí ni tèmi. Ìyẹn ni tiẹ̀."

"Níbo lẹ ti rí adìyẹ?"

"Ṣé adìyẹ náà ti wọ inú òfin ni?"

"Kò tíì wọ̀ ọ́."

"Jẹ́ ká tètè jẹ ẹ́ kó tó wọ̀ ọ́."

Mo wo yàrá náà yí ká. Mo wo abẹ́ ibùsùn, mo wo ẹ̀yìn àpótí, mo fi ìka gbá ògiri. Bí ènìyàn bá fura sí ibi tí ìkòkò wà, á fura sí ọmọrí rẹ̀ náà. Mi ò rí nǹkan kan. Màmá jókòó sórí àpótí, ó ń wò mí, èmi náà ń fi ẹ̀gbẹ́ ojú wò ó. Kò gbọ̀n, kò bẹ̀ mí. Ìyẹn gan-an ló ń dẹ́rù bà mí, torí pé ẹni tí wọ́n bá fi sùn máa ń bẹ̀bẹ̀.

Mo gbé Pàkúté lé ẹsẹ̀. Ó wúwo. Mo la ẹnu rẹ̀, mo tan iná Awẹnu sí i.

"Pọ́n," ni Awẹnu wí. Ohùn rẹ̀ dùn bíi ti oníwàásù. "Olùyẹ̀wò Ìbíyẹmí, ẹ jẹ́rìí sí i. Funfun tàbí pọ́n?"

Ọ̀rọ̀ kan péré ló ń retí lẹ́nu mi. Bí mo bá ti ní "pọ́n," Pàkúté á lọ sí Ilé Ìsinmi, mi ò sì tíì rí ológbò tó ti Ilé Ìsinmi bọ̀ rí. Kí oòrùn tó wọ̀, wọ́n á ti lẹ èdìdì mọ́ ìlẹ̀kùn Màmá, wọ́n á sì wa òun alára lọ sí Àgọ́ ìhà kejì ọ̀sà, torí ilé tí ò ní ológbò tó yege, eku ló ni ín. Ẹ má rò pé ìwà ìkà lásán ló bí òfin yìí. Lọ́dún tí ibà eku jà, ilé mẹ́tàlá ló ṣófo ládùúgbò wa, ilé ìyá mi sì jẹ́ ọ̀kan. Mo gba òfin náà gbọ́ tọkàntọkàn. Mo ti sọ "pọ́n" nínú ilé tó lé ní igba, mo sì sùn dáadáa lálẹ́ wọn.

Ṣùgbọ́n ìka mi ṣì wà lẹ́nu Pàkúté. Ó kan èrìgì rẹ̀. Èrìgì náà le, ó dì mọ́ eyín pinpin, ó sì dán bí inú àtẹ́lẹwọ́ ọmọ tuntun. Mo ti eyín kan wò, kò mì. Mo nu òróró ihò imú mi kúrò, mo súnmọ́ ọn, mo fi imú fà á. Òórùn ẹran adìyẹ díẹ̀ ni mo gbọ́. Mi ò gbọ́ òórùn mìíràn.

Ẹ jẹ́ kí n sọ àṣírí kan. Gbogbo àwa olùyẹ̀wò la máa ń fi òróró ewé efinrin pa ihò imú kí á tó jáde láàárọ̀. Kò sẹ́ni tó kọ́ wa. Kò sì sẹ́ni tó ti bi ẹnì kejì rẹ̀ léèrè pé kí ló dé tí ẹnu tó funfun tó báyìí fi ń rùn. Ológbò méje ni mo ti yẹ̀ wò lọ́jọ́ náà kí n tó dé ọ̀dọ̀ Màmá, gbogbo wọn ló funfun, efinrin ló sì bá mi bo gbogbo wọn.

"Ẹ ti fi nǹkan sí i lẹ́nu," ni mo wí. "Kí lẹ fi pa á?"

"Oúnjẹ ni mo fi pa á."

"Màmá, ẹ má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́."

Ó dìde, ó lọ síbi àdògán rẹ̀, ó mú ẹja gbígbẹ kan wá, ó sì ṣẹ́ ẹ sí méjì. "Ṣí apẹ̀rẹ̀ ẹ. Jẹ́ kí Ẹfun jẹ nínú èyí."

"Rárá o!" Mo fi ara bo apẹ̀rẹ̀. Ohun tó kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn ni májèlé. Torí náà ni wọ́n ṣe ní kí wọ́n rán èmi, kí wọ́n lè pa Ẹfun. Gbogbo ènìyàn ló mọ̀ pé ibi tí mo bá wà ni Ẹfun wà.

Màmá bu ẹja náà jẹ lójú mi. Ó rún un, ó gbé e mì, ó sì la ẹnu kí n wò ó. Eyín rẹ̀ pọ́n bí eyín erin àgbà, ṣùgbọ́n gbogbo rẹ̀ pé síbẹ̀. Lẹ́ni ọgọ́rin ọdún! Mo dijú, mo ṣí apẹ̀rẹ̀.

Ẹfun ti gbọ́ òórùn ẹja. Ó ké, ó sáré jáde, ayọ̀ sì kún ojú rẹ̀ débi pé ojú tì mí, torí mi ò rí i kó yọ̀ sí oúnjẹ bẹ́ẹ̀ rí nílé mi. Ó gé ẹja náà jẹ. Lẹ́yìn náà ni ó pariwo. Irú ariwo yẹn kì í tẹnu ológbò jáde, ẹkún ni. Ó ju orí sọ́tùn-ún, ó jù ú sósì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́ ha ẹnu, itọ́ tó ní ẹ̀jẹ̀ nínú sì ń já sórí ẹní. Mo he ẹja náà nílẹ̀. Eyín kan dúró nínú rẹ̀ ṣánṣán. Ó funfun báláú.

Mo jókòó sílẹ̀. Ọkàn mi bàjẹ́, mo sì sọkún, kì í ṣe ẹkún kékeré. Gbogbo ohun tí mo ti rí tí mi ò fẹ́ rí ló ń kọjá lójú mi. Ó ti pẹ́ tí Ẹfun ti ṣíwọ́ fífi ahọ́n nu irun ara rẹ̀. Bí mo bá fọwọ́ kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀, á yẹ orí. Ó ń sùn láti àárọ̀ dalẹ́. Mo ní ọlá ló ń dà á láàmú, pé ológbò tó bá ti dé orí ògiri ìlú kì í ṣe wàhálà mọ́. Ìrora ló wà nínú ẹ̀, èmi ń pè é ní ọlá.

"Ta ló fi yín sùn, Màmá?"

"Èmi ni."

Mo gbójú sókè.

"Èmi ni mo fi ara mi sùn," ló wí. "Lọ́jọ́ tí wọ́n fún ọ ní àmì ẹ̀yẹ, wọ́n fi Ẹfun hàn lára ògiri ńlá ọjà omi. Gbogbo èèyàn ń wo eyín. Èmi ń wo bó ṣe ń lá ògì. Orí ẹ̀ dà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ẹni tí eyín ń dùn ló ń fi ẹ̀gbẹ́ kan jẹun, ì báà ṣe ọba, ì báà ṣe ológbò. Mo ní bí mo bá lọ síléeṣẹ́ yín lọ sọ ọ́, wọ́n á ní arúgbó ti ń ṣarán. Ẹni tó ni Ẹfun ló gbọ́dọ̀ fojú ara ẹ̀ rí i."

"Ẹ̀ ń lò mí ni."

"Mò ń lò ẹ́. Ta ni ǹ bá lò?"

Mo nawọ́ sí àwòrán Ẹfun tó wà lára apẹ̀rẹ̀, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ gàdàgbà gadagba tó wà lábẹ́ rẹ̀. "Ṣebí àwọn bàbá wa ló sọ ọ́. Funfun niyì eyín."

"Wọ́n sọ ọ́, wọn ò ṣì í sọ. Iyì ni wọ́n wí, ọmọ mi. Wọn ò ní funfun ni agbára eyín. Ẹ̀yin lẹ gbọ́ òwe, tí ẹ sọ ọ́ dòfin, tí ẹ wá ṣe ẹ̀rọ tí ò mọ̀ ju àwọ̀ lọ." Ó tún ki pákò bọ ẹnu. "Wọ́n po ohun tó ń fọ eyín funfun mọ́ ògì, mo gbà. Ṣùgbọ́n ta ló ń fi eyín jẹ ògì? Eyín tí ò bá ríṣẹ́ ṣe, ìdọ̀tí ló ń bá gbé. Lábẹ́ èrìgì níbẹ̀ ló ti ń jẹrà, níbi tí iná ẹ̀rọ yín ò dé."

Awẹnu tanná. "Olùyẹ̀wò Ìbíyẹmí. Ẹ̀ẹ̀kejì nìyí. Funfun tàbí pọ́n?"

Mo fi ọwọ́ bò ó, mo rẹ ohùn sílẹ̀. "Màmá, màá sọ pé funfun. Màá ní iná ló ṣàṣìṣe. Ẹ yọ àkísà yẹn lẹ́nu páìpù, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tún gbọ́ ìró egungun níbí."

"Má tìtorí mi purọ́."

"Wọ́n á tìlẹ̀kùn yín pa!"

"Mo mọ̀. Ṣé o rò pé ọmọdé ló ń ṣe mí ni, tí mo fi pè ẹ́? Bí o bá pe Pàkúté ní funfun, o gbà mí là lónìí. Lọ́la, o máa gbé Ẹfun dání lọ sílé ẹlòmíràn, wàá ní kí wọ́n wá wo eyín tó dára." Ó nawọ́ yí yàrá rẹ̀ ká. "Ọwọ́ ẹ ló wà. Ilé mi ni mo fi ta tẹ́tẹ́ ẹ̀."

Inú bí mi sí i, kí n sọ òótọ́. Kí ló dé tó fi jẹ́ èmi ni ó gbé ẹrù yìí lé lórí? Iṣẹ́ mi nìyí. Bí mo bá ní "funfun," irọ́ ni, kò sì sí nǹkan tó máa yí pa dà. Bí mo bá ní "pọ́n," òótọ́ ni, òótọ́ náà á sì pa ológbò kan ṣoṣo tí ẹnu rẹ̀ dá nínú gbogbo ìlú. Mo wo Ẹfun. Ó ti wọ abẹ́ àpótí, ó ń gbọ̀n.

Mo gbé Awẹnu sẹ́nu. "Ó le," ni mo wí.

"Mi ò mọ ọ̀rọ̀ yẹn. Ẹ̀ẹ̀kẹta nìyí. Funfun tàbí pọ́n?"

"Eyín rẹ̀ le. Èrìgì rẹ̀ dá. Kò rùn. Kọ ọ́ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀."

Iná Awẹnu ṣẹ́jú. "Olùyẹ̀wò kọ̀ láti jẹ́rìí," ló wí, ohùn rẹ̀ sì tún dùn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. "Ọ̀gá ń bọ̀."

Kò tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí a fi gbọ́ ariwo ọkọ̀ òfuurufú kékeré tó balẹ̀ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ọ̀gá Ògúnmọ́dẹdé fúnra rẹ̀ ló wá. Ẹ̀rù tún bà mí sí i, torí òun ni olórí gbogbo olùyẹ̀wò, ọmọṣẹ́ ló sì máa ń rán jáde. Kí ló ń wá? Èdìdì pupa tí wọ́n fi ń ti ilé pa wà lọ́wọ́ rẹ̀. Kò kí ẹnikẹ́ni. Ó wo páìpù, ó wo àkísà, ó wo Pàkúté tó ti pa dà sídìí ọrùn adìyẹ rẹ̀.

"Ìbíyẹmí, àárẹ̀ ń mú ọ ni?"

"Rárá, sà."

"Kí ló dé tí o ò jẹ́rìí?"

"Ọ̀rọ̀ méjì tí ẹ fún wa ò tó, sà."

Ó ṣí ẹnu láti bú mi. Bẹ́ẹ̀ ni Ẹfun jáde lábẹ́ àpótí. Ó ń ta gìrì, ó jókòó sáàárín yàrá, ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́ ha ẹnu, itọ́ ẹlẹ́jẹ̀ ń já sílẹ̀ tó, tó. Ọ̀gá wò ó. Ó wò ó pẹ́ títí.

"Kí ló ṣe é?"

"Eyín ló ń dùn ún, sà. Ó ti pẹ́ tó ti ń dùn ún. Èmi ni mi ò wò ó."

Mo ń retí kó ní kí n dìde ká lọ. Dípò ìyẹn, ó bọ́ Awẹnu kúrò lọ́rùn mi, ó gbé e sórí tábìlì, ó ṣí fìlà, ó fi bò ó mọ́lẹ̀, ó sì fi ọwọ́ tẹ fìlà náà dáadáa. Nísàlẹ̀ níbẹ̀, Awẹnu ṣì ń bèèrè pé funfun tàbí pọ́n, ohùn rẹ̀ kò sì dún dáadáa mọ́. Mo rò pé ọgbọ́n ni. Mo rò pé ó fẹ́ ká sọ ohun tó máa fi mú wa.

"Ológbò tiwa nílé máa ń ṣe báyìí," ló wí. Kò wo ojú ẹnikẹ́ni nínú wa. "Láti ìgbà ọ̀yẹ́. Ìyàwó mi ní ó ń ṣeré ni." Ó yíjú sí Màmá. "Ìyá, kí ni mo lè fún un jẹ?"

Màmá yọ pákò lẹ́nu. Ó wò ó láti òkè délẹ̀, bí ó ṣe wo èmi náà nígbà tí mo ń tú yàrá rẹ̀ wò.

"Kọ́kọ́ gbé èdìdì ọwọ́ ẹ sílẹ̀," ló wí.

Mi ò tíì gbà á gbọ́ dòní, ṣùgbọ́n mo wà níbẹ̀, mo sì rí i tó gbé e sílẹ̀.